Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu ń bọ̀? Ìjíròrò lórí bí fíìmù adẹ́rùbani ṣe ń ṣiṣẹ́

Àkàngbé Olùwòran:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Nínú ìjíròrò tó ṣáájú èyí, ẹnì kan sọ pé ìdí tí ọ̀pọ̀ eré Yorùbá tó yẹ kó dẹ́rù bani kò fi dẹ́rù bani ni pé àwọn tó ń ṣe é kò lè pa àṣírí mọ́: a kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti fi hàn wá pé ìyá ọkọ ni àjẹ́, tàbí pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ló gbé májèlé sápò. Ọ̀pọ̀ yín ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà, mo sì fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní.

Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí ní Hollywood, ṣe àlàyé kan fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ jókòó sọ̀rọ̀ ní ọdún 1962. Ó ní kí a fojú inú wo àwọn ènìyàn tó jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ṣákálá, tí bọ́ǹbù sì wà lábẹ́ tábìlì náà. Bí òǹwòran kò bá mọ̀, tí bọ́ǹbù ṣàdédé bú, ìjayà ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni olùdarí rí fún un. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti rí ẹni tó gbé bọ́ǹbù síbẹ̀, tó mọ̀ pé aago kan gééré ni yóò bú, tó sì ń rí aago ara ògiri tó ń fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ ṣákálá kan náà yóò di ohun tí kò lè fara balẹ̀ gbọ́ mọ́. Yóò fẹ́ pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n dìde. Ìpayà ìṣẹ́jú 15 nìyẹn.

Bí a bá fi èyí wọn àwọn eré wa, a ó rí i pé fífi ọ̀daràn hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe. Bọ́ǹbù ni wọ́n gbé sábẹ́ tábìlì yẹn. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kì í fi aago hàn wá, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́ tó. Ọ̀tá ṣe ibi lónìí, ní ìran tó tẹ̀ lé e ẹni náà ti ń ya wèrè lọ́jà. Ibo ni a ti rí àyè bẹ̀rù?

Abẹ̀ní Ọ̀ṣogbo:

Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé, ẹ kú àlàyé. Mo gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Òǹwòran lè mọ̀ pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì kí ó má sì kà á sí, bí kò bá sí ohun tó so ọkàn rẹ̀ mọ́ ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ta ni kámẹ́rà bá rìn? Ìbéèrè tèmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Psycho, tí Hitchcock kan náà ṣe ní ọdún 1960. Marion Crane ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé, akọ̀wé kan tó gbé 40,000 dọ́là tí wọ́n ní kó lọ fi sí báǹkì sá lọ. Kámẹ́rà bá a jókòó sínú ọkọ̀, a ń gbọ́ ohun tó ń rò lọ́kàn, a sì ń bá a bẹ̀rù ọlọ́pàá tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún un pa ní balùwẹ̀ ilé ìtura kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, nígbà tí eré kò tíì dé ìdajì. Gbajúmọ̀ òṣèré ni Janet Leigh tó ṣe Marion, kò sì sí ẹni tó ń retí pé wọ́n lè pa irú rẹ̀ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Hitchcock tilẹ̀ ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù náà bá ti bẹ̀rẹ̀, kí apẹ́lẹ́yìn má baà jókòó máa retí òṣèré tó ti kú.

Ohun tó tẹ̀ lé ikú náà ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Norman Bates, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ilé ìtura náà, nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀, ó gbé òkú sẹ́yìn ọkọ̀ Marion, ó sì ti ọkọ̀ náà sínú irà. Ọkọ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró, òkè rẹ̀ sì ṣì hàn síta. Kí ni ẹ ń fẹ́ lọ́kàn yín ní àkókò yẹn? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kí ọkọ̀ náà rì! Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a ti fi ẹni tí wọ́n pa sílẹ̀, a ti bọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń bo àṣírí mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bẹ̀ wá. Nítorí pé kámẹ́rà dúró ti Norman, tó ń fi bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà hàn wá, àníyàn rẹ̀ di tiwa.

Fíìmù kan náà tún ń fi ìmọ̀ pamọ́ fún wa. Nígbà tí Norman gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, kámẹ́rà gòkè lọ sí àjà, ó sì ń wo àwọn méjèèjì láti orí wá, kí a má baà rí ojú ìyá náà. Bí wọ́n bá kàn kọ̀ láti fi ojú rẹ̀ hàn, a ó fura. Nítorí pé kámẹ́rà ń rìn gòkè, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn bó ti ń gòkè, a kò ráyè béèrè ìdí rẹ̀.

Jagunmólú:

Ẹ má bínú o. Àlàyé yín dùn, ṣùgbọ́n èmi kì í wo fíìmù adẹ́rùbani láti ronú. Mo fẹ́ kí nǹkan yọ sí mi lójijì kí n fò kúrò lórí àga, kí n rẹ́rìn-ín, kí n sì lọ sùn. Ìgbà wo ni ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀?

Alóhùn:

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá máa yọ sí yín lójijì kí ẹ sì fò, ẹnì kan ti ní láti pa yín lẹ́nu mọ́ ṣáájú. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi etí dá yín lóhùn.

Ní ọdún 1942, ilé iṣẹ́ fíìmù RKO gbé Cat People jáde. Val Lewton ló ṣe kòkáárí rẹ̀, Jacques Tourneur sì ni olùdarí. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ń dá rìn lálẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà kan, obìnrin mìíràn, tí a fura pé ó lè di ẹkùn, sì ń tẹ̀ lé e. Kò sí orin rárá. Ìró bàtà àwọn méjèèjì nìkan ni a ń gbọ́, kò, kò, kò, títí ìró bàtà ẹni tó wà lẹ́yìn fi dákẹ́. Obìnrin ìwájú yára, ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹkùn. Lójijì ni ariwo kan bú sínú férémù, ìyẹn àyè àwòrán tí à ń wò, ó dún bí ìgbà tí ẹranko bá bú, gbogbo ilé sinimá sì fò: bọ́ọ̀sì ni ó wá dúró, ìró bíréèkì rẹ̀ ni a gbọ́. Títí di òní, àwọn onífíìmù ṣì ń fi orúkọ Lewton àti bọ́ọ̀sì yẹn pe ọgbọ́n náà.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì lásán kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí, tí ológbò yóò kàn fò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n yóò sì fi ariwo orin lù wá létí láìsí ìmúra kankan, olè ni mo kà á sí. Wọ́n gba ìfòyà lọ́wọ́ wa láìsan nǹkan kan.

Ní ti Jaws, tí Steven Spielberg ṣe ní 1975, ẹja ṣáàkì tí wọ́n fi irin ṣe kò ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi iyọ̀, nítorí náà wọn kò lè fi ẹja náà hàn bí wọ́n ṣe fẹ́. Orin John Williams, tí ohùn méjì péré ń tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀, ló wá dúró fún ẹja tí a kò rí. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, a mọ̀ pé ẹja ń bọ̀, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò sì mọ̀. Èyí bá ohun tí Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé sọ mu. Àmọ́ ẹ kíyè sí ìran tí àwọn ọmọkùnrin méjì fi páálí gé ìyẹ́ ẹja láti fi dẹ́rù ba àwọn ará etíkun. Gbogbo ènìyàn ń sá, ṣùgbọ́n orin kò dún. Fíìmù náà ń bá wa ṣòótọ́: òǹwòran tó fetí sílẹ̀ yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn tí ó ti kọ́ wa láti gbẹ́kẹ̀ lé orin yẹn tán, ẹja gidi yọrí lójijì lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi láìsí orin kankan. Ìfòyà yẹn, wọ́n ti san owó rẹ̀ ṣáájú.

Àkàngbé Olùwòran:

Alóhùn, ẹ ti bá mi sọ ohun tí n kò bá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú kún ti etí.

Halloween, tí John Carpenter ṣe ní 1978 pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń pànìyàn. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀: ó ń yọ́ rìn yí ilé ká, ó wo inú ilé láti ojú fèrèsé, ó mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ó gòkè, ó de ìbòjú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan láti ihò ojú ìbòjú náà. A mọ ohun tó fẹ́ ṣe, a mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú lójú rẹ̀ ni a rí i pé ọmọ kékeré ọlọ́dún 6 ni. Ọ̀nà méjì tí ìmọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ló wà pọ̀ níbẹ̀: èyí tí a ní àti èyí tí wọ́n fi dù wá.

Lẹ́yìn èyí ni Carpenter yí ọwọ́ padà. Férémù fíìmù náà fẹ̀ gan-an, ó sì ń lo fífẹ̀ rẹ̀: Laurie, ọmọbìnrin tí eré dá lé, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àyè tó kù sì ṣófo. Ojú wa kò ní lè fi àyè òfìfo yẹn sílẹ̀. Ní ìgbà kan tó sún mọ́ òpin, Laurie fara ti ògiri, ó ń sunkún, ilẹ̀kùn yàrá tó ṣókùnkùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú òkùnkùn yẹn ni ìbòjú funfun tí apànìyàn náà, tó ti dàgbà, dé ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé Dean Cundey tó ń ya àwòrán ń tan iná kékeré kan sí i lójú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tó fò jáde. Ẹni náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, Laurie kò sì tíì rí i. Mo ka ìgbàwòrán yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù nínú irú fíìmù yìí, mo sì ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e.

Abẹ̀ní Ọ̀ṣogbo:

N kò ní bá yín jiyàn. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé Carol Clover, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé ní 1987 nípa ọmọbìnrin tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ojú apànìyàn ni a máa ń fi wòran ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìparí, ojú ọmọbìnrin yẹn ni a ń lò. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju àríyànjiyàn bóyá ó jẹ́ wúńdíá tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ènìyàn kì í yé fà. Kì í ṣe ìwà mímọ́ ló gbà á là. Òun nìkan ló ń wo ẹ̀yìn wò: Laurie rí ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ó rí i nínú àgbàlá, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ìmọ̀ tirẹ̀ ló sún mọ́ tiwa jù.

Ọmọ Peckham:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú fíìmù nìkan ni òǹwòran ti ń rí ìmọ̀ gbà. Ìmọ̀ tí a gbé wá láti ilé ńkọ́?

Ní ìparí Get Out, tí Jordan Peele ṣe ní 2017, Chris, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ti ja àjàbọ́ lọ́wọ́ ìdílé òyìnbó tó fẹ́ gba ara rẹ̀ lò. Ó wà lójú títì, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ òyìnbó sì nà gbalaja sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Iná pupa àti búlúù bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nínú fíìmù mìíràn, iná yẹn ni ó ń sọ pé ìgbàlà ti dé. Ní ilé sinimá tí èmi ti wò ó ní London, gbogbo wa ló kérora. Kò sí orin tó ní kí a kérora, kò sì sí ẹni tó gbé bọ́ǹbù sábẹ́ tábìlì: àwa fúnra wa ni a gbé e wọlé, nítorí a mọ ohun tí irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ fún ẹni tó bá ní àwọ̀ bíi tiwa. Ọ̀rẹ́ Chris tó ń ṣiṣẹ́ ààbò pápákọ̀ òfurufú ni ó jáde nínú ọkọ̀ náà, ìtura rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ìjà èyíkéyìí lè mú wá lọ. Peele ti kọ́kọ́ ya òpin mìíràn, nínú èyí tí ọlọ́pàá gidi dé tí Chris sì bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ẹni tó bá mọ Night of the Living Dead ti George Romero, ọdún 1968, yóò tún bẹ̀rù ju ìyẹn lọ. Ben, ọkùnrin dúdú tó fi gbogbo òru bá àwọn òkú tó ń rìn jà, là á já títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọlọ́dẹ tó wá gba ìlú là sì yìnbọn pa á, wọ́n ṣe bí òkú ni òun náà.

Àkàngbé Olùwòran:

Ọ̀rọ̀ yín ló dá mi padà sílé. Ẹ ronú nípa Thunderbolt: Mágùn, tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ọkọ kan fura sí ìyàwó rẹ̀, mágùn sì wà lára obìnrin náà. Ẹni tí kò gbọ́ nípa mágùn rí nílò àlàyé. Òǹwòran Yorùbá kò nílò rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ti ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ obìnrin náà, ọkàn wa ti ń lù kìkì, ìran tí àjèjì yóò pè ní ìran ìfẹ́ sì ti di ìran ìpayà. Bọ́ǹbù wà lára ènìyàn, kò sí lábẹ́ tábìlì mọ́.

The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009, lo irú ìmọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Ìtàn òrìṣà Araromire ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà nígbà tí àwọn àgùnbánirọ̀ méjì kan rí ère náà nínú ojúbọ àtijọ́ tí wọ́n sì gbé e lọ, a ti mọ̀ pé ọdún 7 oríire ni yóò kọ́kọ́ dé, kí ọdún 7 ìbànújẹ́ tó tẹ̀ lé e. Aago ara ògiri nìyẹn. Ayọ̀ wọn kò lè dùn mọ́ wa nínú mọ́, nítorí pé a ń ka ọdún. Síbẹ̀, bí ibi ti ń ṣẹlẹ̀, fíìmù náà ń fi ọwọ́ ènìyàn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òrìṣà, ó sì jẹ́ kí ẹni tó gba òrìṣà gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ rí ẹ̀rí tirẹ̀. N kò ní sọ òpin rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó.

Ẹ wá fi wé àwọn fídíò tí iná ti ń jáde lójú àjẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Ní kété tí iná yẹn bá ti hàn, gbogbo ohun tí òǹwòran gbé wá láti ilé di aláìwúlò, nítorí kò sí ẹni tó rí àjẹ́ tí iná ń yọ lójú rẹ̀ rí. Obìnrin àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ yóò bà wá lẹ́rù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fíìmù:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ya fíìmù kékeré kan tí kò ní ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Ìran tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni ti àǹtí kan tó da nǹkan sínú ọbẹ̀ nílé àbúrò rẹ̀. Mo ti pinnu láti fi í pamọ́ títí di òpin, kí ó lè ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn tí mo ka ìjíròrò yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Kí ni ẹ rò?

Abẹ̀ní Ọ̀ṣogbo:

Ẹ fi hàn ní ìṣẹ́jú kìíní. Ọwọ́ nìkan, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ má sì padà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kámẹ́rà sí ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí ìkòkò wà, kí ìkòkò wà ní iwájú férémù, kí àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbéyàwó tó ń bọ̀. Ẹ má gé àwòrán náà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún ara wọn, kí ẹnì kan ní òun kò tíì fẹ́ jẹun, kí ọmọ kékeré wá máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹran. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gún wa lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àǹtí náà fẹ́ràn ọmọ yẹn, kí ó má sì mọ bí yóò ṣe dá a dúró láìtú ara rẹ̀ fó. Nígbà náà, à ń bẹ̀rù fún ọmọ, a sì tún ń bá ọ̀daràn bẹ̀rù.

Àkàngbé Olùwòran:

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ kìlọ̀ fún òṣèré yín kí ó má ṣe di ojú rorò o. Kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa yin ọbẹ̀.

Jagunmólú:

Bí ọmọ yẹn bá lè jẹ ẹran náà, n kò ní wò ó.

Alóhùn:

Ẹ má fi orin sí i rárá. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni kí ó máa dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì kú ní àkókò tí ọmọ bá na ọwọ́, kí a lè gbọ́ ṣíbí tó ń kan abọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gba ohùn jẹnẹrétọ̀ náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì yá ibi tó dákẹ́ fún ìyàwòrán. Bí ẹ bá gba òun àti ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní lè yọ ọ́ kúrò mọ́.